Wọ́n gbé abọ́ tí a kò bèèrè wá, wọ́n sì gba owó rẹ̀: ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Àṣàkẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń rò ó.

Oṣù kẹjọ mi rèé ní Tokyo. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà nítòsí ilé tí mò ń gbé, lábẹ́ afárá ojú irin gan-an. Káńtà kan ṣoṣo ló ní, àga mẹ́jọ ló wà nídìí rẹ̀, fìtílà pupa kan sì so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, òórùn ẹran sísun á gbà mí nímú, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ yà síbẹ̀, ẹ̀rù á sì bà mí. Aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà kì í jẹ́ kéèyàn rí inú dáadáa. Ẹsẹ̀ àti bàtà àwọn tó jókòó nìkan ni mo máa ń rí. Mo á ní "ọ̀la ni màá wọlé." Oṣù méje ni mo fi ń sọ "ọ̀la".

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa, àlejò bíi tèmi, a kó ara wa wọlé. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń sun ẹran, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé abọ́. Ìyá fún wa ní aṣọ ìnuwọ́ gbígbóná tí wọ́n ká bí ẹní. A fi ìka han ìyá pé igi ẹran adìyẹ mẹ́ta-mẹ́ta la fẹ́, pẹ̀lú tíì oolong kọ̀ọ̀kan. Kí ẹran tó jinná, ó gbé abọ́ méjì síwájú wa, abọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, bí igi tí wọ́n là wẹ́wẹ́, ó dúdú díẹ̀, wọ́n wọ́n yànmọ̀tí sí i lórí. Ó ń dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó dùn, ó sì ta díẹ̀. Èmi rò pé wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀ ni. A tẹrí ba, a dúpẹ́, a jẹ ẹ́ tán pátá.

Ìgbà tí bíìlì dé, yẹ́nì 2,580. Igi ẹran kan jẹ́ 180, mẹ́fà la jẹ, ìyẹn 1,080. Tíì jẹ́ 350, méjì la mu, 700 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ 1,780. Níbo ni 800 ti wá? Owó orí ti wà nínú iye tí wọ́n kọ sára ògiri, mo mọ ìyẹn. Mo bi ìyá, ó na ìka sí abọ́ kékeré méjèèjì. Yẹ́nì 400 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan!

Kì í ṣe owó yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọpẹ́ tí mo ti dá ló ń dùn mí. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ nítorí pé a jẹ́ àlejò ni? Àti pé, kí ni mo tilẹ̀ jẹ?

Bàbá_Saitama

Àbúrò mi, rọra. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ ọ jẹ. Ọdún kọkàndínlógún mi rèé nílẹ̀ yìí, mi ò lè ka iye abọ́ bẹ́ẹ̀ tí mo ti san owó rẹ̀.

Otoshi ni wọ́n ń pè é. Àwọn ilé oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n ti ń mu ọtí, izakaya, ló máa ń gbé e wá, títí kan ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sun adìyẹ. Bí o bá ti jókòó, ó dé nìyẹn, o bèèrè o, o ò bèèrè o. Yẹ́nì 300 sí 500 fún ẹnì kan ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń san án. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà san án.

Ẹran máa ń pẹ́ lórí iná, ọtí kì í pẹ́ dé. Abọ́ yẹn ni wàá máa jẹ títí ẹran á fi jinná. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, owó àga ni. Àga mẹ́jọ péré! O jẹ igi ẹran mẹ́ta, o mu tíì kan, mo sì mọ̀ pé ẹ ò tètè dìde. Kí ni ìyá náà á fi san owó gáàsì? Níbí, a kì í fún agbáwo lówó lẹ́yìn oúnjẹ. Inú abọ́ kékeré yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Bó o bá lọ sílé oúnjẹ ọ̀sán, ilé ramen tàbí ilé soba (oúnjẹ gígùn bíi Indomie ni méjèèjì), o ò ní rí otoshi níbẹ̀. Omi tútù tàbí tíì tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, mu ún títí.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà tó ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn, noren ló ń jẹ́. Bí wọ́n bá ta á síta, wọ́n ti ṣílé. Bí wọ́n bá ká a wọlé, wọ́n ti tì í, bí iná tilẹ̀ ń tàn nínú. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti ohun tó wà nínú abọ́, èmi kì í bèèrè. Mo kàn ń jẹ ẹ́.

Ọmọ_Kansai

Ní Osaka níbí, tsukidashi la ń pè é, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí Àṣàkẹ́ mọ̀ pé èèyàn lè sọ pé òun ò fẹ́. Bó o bá ń jókòó báyìí, sọ pé "otoshi nashi de onegaishimasu". Nígbà mìíràn, àwọn ilé ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri á bá ọ yọ ọ́ láìjiyàn. Níbi tí bàbá àti ìyá kan ti ń ṣe é fúnra wọn pẹ̀lú àga mẹ́jọ, èmi ò jẹ́ dán an wò. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà ò bínú o, ó gbé abọ́ rẹ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo alẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

ÒdodoỌ̀rọ̀

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin méjèèjì ń fi ahọ́n dídùn bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ohun tí mi ò bèèrè, tí wọn ò kọ sára ògiri, tí wọ́n sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tó ń jẹ́. Bó bá jẹ́ owó àga ni, kí wọ́n kọ ọ́ pé owó àga. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi oúnjẹ bò ó lójú?

Bàbá_Saitama

Òdodo, mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé oúnjẹ ní lẹ́tà wínníwínní, àwọn kan ò tilẹ̀ ní ìwé oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ fún ọ. Ẹni tó dúró ní ìgboro Kabukichō ní Tokyo lálẹ́, tó ń tẹ̀ lé ọ, tó ń ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ wá, wákàtí kan, ẹ mu bẹ́ ẹ ṣe fẹ́." Bó o bá tẹ̀ lé e gun àtẹ̀gùn lọ sókè, bíìlì tó o máa rí á mú kí ẹsẹ̀ rẹ gbọ̀n. Bottakuri ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń kìlọ̀ nípa irú wọn ní ìgboro náà lálaalẹ́. Bàbá tó ń sun adìyẹ lábẹ́ ojú irin ò dúró de ẹnikẹ́ni lójú pópó. Oṣù méje ni Àṣàkẹ́ fi kọjá níwájú rẹ̀, kò pè é rí.

Àṣàkẹ́

Wákàtí méjì la lò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú wá ń tì mí báyìí.

Ṣé mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn? Mo fi aṣọ ìnuwọ́ gbígbóná yẹn nu ojú àti ọrùn. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà nu tirẹ̀, ni mo bá ṣe bí ó ṣe ṣe.

Akin_Yokohama

Àwọn ọkùnrin àgbàlagbà ló ń nu ojú, àwọn ìyàwó wọn sì ń bá wọn wí nítorí rẹ̀. Ọwọ́ ni kó o máa nù. Àmọ́ ìyẹn kéré, gbọ́ tèmi.

Ilé oúnjẹ ọ̀sán kan wà nítòsí ọ́fíìsì wa tẹ́lẹ̀. Teishoku ni wọ́n ń tà: abọ́ ìrẹsì lápá òsì, ọbẹ̀ miso lápá ọ̀tún, ẹja tàbí ẹran lẹ́yìn wọn, ewébẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi nílẹ̀ yìí ni. Mo ń jẹun lọ, fóònù dún. Mo wá ibi tí màá gbé igi ìjẹun mi sí, mi ò rí, ni mo bá gún un méjèèjì mọ́ àárín ìrẹsì, wọ́n dúró gbọnin. Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá tó ni ibẹ̀ rìn wá, kò sọ̀rọ̀, ó fa igi náà yọ, ó gbé wọn lé orí òkúta kékeré kan tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi látẹ̀ẹ̀kọ́. Èmi rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni òkúta yẹn.

Ọ̀gá mi ló ṣàlàyé fún mi nígbà tí a jáde. Abọ́ ìrẹsì tí igi ìjẹun dúró lórí rẹ̀, iwájú òkú ni wọ́n ń gbé e sí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a jókòó yí tábìlì ká, ọ̀rẹ́ mi na igi ìjẹun rẹ̀ láti gba adìyẹ díndín kan, èmi náà fi igi ìjẹun tèmi gbé e lé tirẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣe tán, bí wọ́n bá sun òkú tán, igi ìjẹun ni àwọn ẹbí fi ń ṣa egungun rẹ̀, wọ́n á gbé e láti igi ẹnì kan sí igi ẹlòmíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, mo ti ṣe òkú méjì.

Ìyá_Ìbejì

Akin, o ò ní pa mí o!

Tèmi rèé. Mo jẹ soba, oúnjẹ náà dùn, ọmọbìnrin tó gbé e wá ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, mo bá fi yẹ́nì 500 sílẹ̀ lórí tábìlì fún un. Mo ti dé ibi tí iná ti ń dá ọkọ̀ dúró kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lẹ́yìn mi. Òun ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì na owó náà sí mi, ó ní mo gbàgbé nǹkan. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó túbọ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n máa bínú. Mo gba owó mi. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ, ẹ máa wo ẹnu ọ̀nà dáadáa kẹ́ ẹ tó wọlé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni òfin ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá mọ́ nínú ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn ilé kéékèèké àtijọ́ kan sílẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti wà ṣáájú òfin náà. Irú wọn gbọ́dọ̀ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé wọ́n ń mu sìgá níbẹ̀. Bí o bá rí ìwé yẹn, ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún ò gbọdọ̀ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ. Wọ́n ti dá mi padà rí nínú òjò. Mo bínú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ.

Oúnjẹ tí àwọn ọmọ máa ń bèèrè jù ni oyakodon, adìyẹ àti ẹyin tí wọ́n sè pọ̀ dà sórí ìrẹsì. Táyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ abọ́ kan tán lọ́jọ́ tó bèèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Mo ní oya ni òbí, ko ni ọmọ. Ó wo adìyẹ, ó wo ẹyin, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Kẹ́hìndé fa abọ́ náà sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́ tán.

Abdul_Nagoya

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ owó abọ́, ohun tó wà nínú abọ́ ló ń dà mí láàmú ní tèmi.

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tí kì í fẹnu kan ọtí, kó má ronú pé ẹran nìkan lòun máa yẹra fún. Omi ramen, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sè é, pàápàá èyí tó funfun bíi wàrà tí wọ́n ń pè ní tonkotsu. Mirin tí wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ dùn, ọtí ni: ojúlówó rẹ̀ tó ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń da sake, ọtí ìrẹsì, sórí ẹja kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Bó o bá bi wọ́n pé "ṣé ọtí wà nínú rẹ̀?", wọ́n á ní rárá, wọn ò sì purọ́. Lójú tiwọn, ohun tí èèyàn ń mu ni ọtí. Èyí tó wà nínú ìkòkò, èròjà ọbẹ̀ ni.

Mo ti kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan ní èdè wọn: ẹlẹ́dẹ̀, mirin, sake, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Mo máa ń fi hàn wọ́n kí n tó jókòó. Àwọn kan máa ń tẹrí ba pé àwọn ò lè ṣe é, mo máa ń dúpẹ́, mo sì ń lọ. Ẹnì kan wà ládùúgbò mi tó ka páálí náà, ó wọ ilé ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ẹja oníyọ̀ tó sun lórí iná, ìrẹsì, àti ègé tófù tútù kan. Mo ti ń lọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin báyìí. Bó bá ti rí mi, kì í bi mí mọ́.

Àṣàkẹ́, bóyá o ò mọ èyí: wọ́n máa bi ọ́ bóyá shio lo fẹ́ lórí adìyẹ rẹ tàbí tare. Shio, iyọ̀ nìkan. Tare, ọbẹ̀ dúdú tó ń dán, mirin àti sake sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Àṣàkẹ́

Ó bi mí ní nǹkan kan bẹ́ẹ̀, mo kàn ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè mìíràn. Ilé sushi kékeré kan, ìrẹsì tí wọ́n gbé ẹja lé lórí, tún wà ní ìgun òpópónà wa. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ lọ́jọ́ Ẹtì fẹ́ ká lọ. Ẹja àìsè ń bà mí lẹ́rù. Ṣé wasabi yẹn, gbòǹgbò aláwọ̀ ewé tó ń ta tí wọ́n ń fi sí i, ń pa kòkòrò inú rẹ̀ lóòótọ́?

Afọwọ́_Shizuoka

Rárá. Jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gba èyí gbọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fọ abọ́, tí mo sì ń bá wọn họ ẹja nílé sushi kan níbí.

Aràn kan wà tó ń jẹ́ anisakis. Ó funfun, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, ojú lásán lè rí i. Ó wọ́pọ̀ nínú ẹja saba (mackerel). Wasabi ò pa á, ọtí kíkan ò pa á, iyọ̀ ò pa á, shoyu (omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀) ò pa á. Ohun méjì ló ń pa á: iná, tàbí òtútù. Ìjọba Japan sọ pé kó wà nínú fìrísà ní ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo fún ó kéré tán wákàtí 24. Nítorí pé ojú lè rí aràn náà, ọ̀gá mi máa ń gbé gbogbo ẹja rẹ̀ sábẹ́ iná títàn, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó gé e. Inú ẹja ni aràn náà ń gbé. Bí ẹja bá ti kú, ó ń wọ́ jáde lọ sínú ẹran rẹ̀, nítorí náà kíákíá ni wọ́n ń kó ìfun dànù. Bí inú bá ń run ọ́ burúkú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó o jẹ ẹja àìsè, má jókòó sílé, lọ rí dókítà. Wọ́n á ki ẹ̀rọ kan bọ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n á sì fà á yọ.

Ẹja salmon tí gbogbo àlejò fẹ́ràn ńkọ́? Láyé àtijọ́, àwọn ará Japan kì í jẹ ẹ́ láìsè, nítorí aràn yìí kan náà. Àwọn ará Norway ló wá polówó tiwọn, ẹja tí wọ́n ń sìn, láti bíi àárín ọdún 1980 sí 1990. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Ẹ bi àwọn ọmọdé báyìí, wọ́n á ní láti ayébáyé ni.

Ní ti wasabi fúnra rẹ̀: èyí tó wà nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún jáde, gbòǹgbò mìíràn tí wọ́n pa láró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ ń hù nínú omi tó ń ṣàn, ó sì wà níbí ní Shizuoka. Bí wọ́n bá rin ín tán, òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń lọ, nítorí náà ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ lò ni ọ̀gá mi ń rin, lórí awọ ẹja ekurá. Ọwọ́ rẹ̀ ń yí roboto, kì í yára. Mo bi í ìdí tí kì í fi yára, ó ní bí òun bá ń bínú rin ín, ó máa ta jù. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣeré ni.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta kí n tó padà sídìí abọ́. Fi ọwọ́ jẹ sushi bó o bá fẹ́, kò sẹ́ni tó máa wò ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹja ni kó o tì bọ inú shoyu, má ti ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fọ́ sínú rẹ̀. Bó o bá sì fẹ́ sanwó, "okaikei" ni kó o sọ. Àwọn àlejò tó ti pẹ́ díẹ̀ máa ń pariwo "oaiso", wọ́n rò pé àwọn ti gbọ́ èdè. Ọ̀rọ̀ àwa tí a wà lẹ́yìn káńtà ni. Lẹ́nu oníbàárà, ó rí bí ẹni ń sọ fún onílé pé ilé rẹ̀ sú òun.

ÒdodoỌ̀rọ̀

Gbogbo wàhálà yìí, oúnjẹ náà ò sì ní adùn! Mo jẹ ọbẹ̀ tó mọ́ gaara kan nílé oúnjẹ àdúgbò wa, mo rò pé omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ni wọ́n bù fún mi.

Ọmọ_Kansai

Dashi nìyẹn, Òdodo, wọ́n sì fi iṣẹ́ ṣe é ju ọbẹ̀ tó ò ń rò lọ. Ewéko òkun gbígbẹ ni, kombu, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n gbé e kaná pẹ̀lẹ́, wọ́n yọ ọ́ kó tó hó. Lẹ́yìn náà wọ́n da katsuobushi sí i, ẹja tí wọ́n ti fi èéfín gbẹ títí ó fi le bí igi, tí wọ́n wá fá bí ìwé. Wọ́n sẹ́ ẹ. Omi tó kù ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo: ọbẹ̀ miso, ọbẹ̀ soba, ẹyin yíyí, àní oyakodon Ìyá Ìbejì.

Ọdún 1908 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Ikeda Kikunae ní Tokyo rí ohun tó wà nínú kombu tó ń fún un ládùn. Glutamate ni. Ó pe adùn náà ní umami, nítorí kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe ṣúgà, kì í ṣe kíkan, kì í ṣe kíkorò. Nígbà tó máa di ọdún 1909, wọ́n ti ń tà á ní lúbúlúbú.

Bó o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, má jẹ nǹkan tó ta fún ìgbà díẹ̀ ṣáájú. Gbé abọ́ náà sókè lọ́wọ́, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, gbọ́ òórùn rẹ̀, kó o tó mu. Bó bá ṣì rí bí omi ìkòkò, a jẹ́ pé ilé oúnjẹ yẹn gan-an ni kò mọ ọ́n sè. Irú wọn wà.

ÒdodoỌ̀rọ̀

Ata ni mo kọ́kọ́ dà sí i.

Ọmọ_Kansai

Mo mọ̀.

Àṣàkẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ lọ, aṣọ wà nínú ilé, iná ń tàn, mo rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, mo yí padà. Mo tún lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi nìkan. Èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀.

Ìyá rí mi, ojú rẹ̀ là. Mo nu ọwọ́, mi ò nu ojú. Ó gbé abọ́ kékeré wá, elégédé sísè ni lọ́tẹ̀ yìí, ó rọ̀, awọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní shio ni mo fẹ́, kó tó bi mí. Bàbá gbé orí sókè nídìí iná, ó ní "ooo".

Mo wá fi fóònù bi ìyá ohun tó fún wa lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ó ronú. Ó wọ ẹ̀yìn, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde pẹ̀lú gbòǹgbò kan tó gùn ju apá mi lọ, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, iyẹ̀pẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Gobō ni. Ó gbé e lé káńtà, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ara rẹ̀, ó wá ń gbẹ́ ẹ bí ẹni ń gbẹ́ pẹ́ńsù, èérún rẹ̀ ń já sínú omi. Ó ní wọ́n ń dín in pẹ̀lú òróró yànmọ̀tí, shoyu, ṣúgà, àti ata díẹ̀. Kinpira ló ń jẹ́. Abdul, mo bi í, mirin wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó ń nu ojú ní ọjọ́sí, bá dá sí i: ó ní ìyá òun náà ń sè é, àmọ́ ata tirẹ̀ pọ̀ jù èyí lọ. Bàbá ní bó bá jẹ́ pé ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kó lọ máa jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ́ láìlo fóònù.

Yẹ́nì 1,290. Mo ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó mú un wá.

Bàbá_Saitama

Gobō! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi rò pé ìsàlẹ̀ ọparun ni.

Abdul_Nagoya

O ṣeun tó o bá mi bi í. Elégédé náà, ó ṣeé ṣe kí mirin wà nínú rẹ̀ o.

ÒdodoỌ̀rọ̀

Ẹ ní àga mẹ́jọ ni. Ọjọ́ wo ni kì í kún?

Àṣàkẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Máa mú yẹ́nì 400 dání.